Omi Gbígbóná Abẹ́ Ilé Wa

Ẹ̀yin ò mọ Mùílì, ọkọ mi. Àgbẹ̀ olówùú ni nílùú Ṣakí níbí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í gbélẹ̀. Ohun tí kò bá tíì tú wò, kò gbà pé òun mọ̀ ọ́n.

Lọ́dún 1978, nígbà tí mo wà nínú oyún Abọ́sẹ̀dé, fúláàsì ìyá rẹ̀ wọ̀ ọ́ lójú. Àbúrò ìyá ló rà á bọ̀ láti Mẹ́kà. Inú rẹ̀ ni ìyá ń tọ́jú omi gbígbóná sí, tí yóò fi ṣe àlùwàlá ìdájí, nítorí ìka máa ń dùn ún nígbà ọyẹ́.

"Kò síná nínú ẹ̀. Kí ló wá ń mú omi gbóná mọ́jú?"

Bí ọkọ mi ṣe tú u nìyẹn. Yéè! Dígí inú rẹ̀ fọ́ yángá-yángá.

Ìyá ò bú u. Rédíò rẹ̀ ló gbé, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. "Mùílì, má fọwọ́ kan nǹkan mi mọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn dun ọkọ mi wọ akínyẹmí ara.

Mo ní n ó máa jí dáná. Ìyá kọ̀ jálẹ̀: "Ìyàwó, aboyún kì í bá ọyẹ́ jìjàkadì. Padà lọ sùn." Ló bá ń fi omi tútù ṣe àlùwàlá. Ìka rẹ̀ a gan, kò ní lè di tẹ̀sùbáà mú. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an.

Ilé wa wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, yàrá kan sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí à ń kó òwú sí. Ibẹ̀ ni ọkọ mi wọ̀ lọ. Ó ní, "Fúláàsì kì í se omi. Ó kàn da aṣọ bò ó kí ooru má baà sá ni." Ó gbẹ́ ihò, ó gbé àgbá sí i, ó ki òwú àti èèpo ẹ̀pà yí i ká, ó fi pákó dé e. A da omi híhó sí i lálẹ́. Ní ìdájí, mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó ṣì gbóná! Àtèmi àtoyún, a fò sókè.

Ìyá bù ú, ó gbóòórùn ẹ̀, ó dà á nù. Àgbá epo pupa ni ọkọ mi lò! Ó ní òun ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.

"Omi tí òórùn rẹ̀ yí padà kò ṣe é fi ṣe àlùwàlá. Kí ni wọ́n wá kọ́ ọ nílé kéú?"

Ọkọ mi káwọ́ lérí. Èmi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Mo ní, "Ẹnjiníà, ṣé kò síkòkò nílé yìí ni?"

Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó hú àgbá kúrò, ó gbé ìkòkò amọ̀ ńlá kan tí a ò tíì fi se nǹkan kan rí síbẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ tún fẹ́ mọ́, ìyá gbóòórùn omi. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú igbá, ó fi wọ́n síbẹ̀ pẹ́ títí, àfìgbà tí ìka rẹ̀ nà. Lẹ́yìn tó kírun tán, ó wọ yàrá, ó fa rédíò jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì gbé e lé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

"Ó ti ń han wíín-wíín láti ọjọ́ yìí. Tú u wò."