Ìṣirò Wúrà Tí Mo Yí Padà

Iṣẹ́ ìwakùsà ni mo kọ́ ní yunifásítì. Mo ṣiṣẹ́ díẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta kí wọ́n tó dá wa dúró, mo wá ń ta páìpù àti pọ́ǹpù omi ní Ṣógúnlé. Nígbà tí wọ́n rí wúrà létí odò tó gba inú oko kòkó bàbá wa kọjá ní Ọ̀ṣun, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n lọ wò ó bóyá èrè wà níbẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò lóko. Mo gbẹ́ kòtò méje, mo fi omi ṣan iyẹ̀pẹ̀ inú wọn, mo sì wọn ohun tó kù nísàlẹ̀ abọ́. Wúrà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ tó kún típà kan kò lè mú èyí tó máa bo èékánná jáde. Omi sì ń sun nínú kòtò kọ̀ọ̀kan kí n tó gbẹ́ ẹ dé àyà. Èmi tí mò ń ta pọ́ǹpù, mo mọ bó ṣe ń mu dísẹ́ẹ̀lì. Mo ro owó dísẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ ti àwọn tó máa gbẹ́lẹ̀ àti ti ọkọ̀. Ohun tí ilẹ̀ máa mú wá kò tó ìdajì ohun tí a máa ná.

Mo kọ ìṣirò náà sínú ìwé, mo mú un lọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní Ìsọlọ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó wá fi ìka lé ibi tí mo kọ pọ́ǹpù sí. Ó ní ẹnì kan fẹ́ fi owó sí i, pé tónítọ̀hún bá rí èyí, á sá lọ. Mo sọ fún un pé omi yẹn kì í gbẹ, àní nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ó rán mi létí ọ̀kadà tó tà kí n lè parí yunifásítì. Òótọ́ ni, ó tà á.

“Ibì kan ṣoṣo ni,” ó ní. “Yí i padà, àbúrò mi.”

Mo kọ ọ́ pé oṣù mẹ́ta péré ni pọ́ǹpù máa ṣiṣẹ́ lọ́dún. Gbogbo rẹ̀ di èrè. Mo bu ọwọ́ lù ú, mo kọ oyè ìwakùsà tí mo gbà ní yunifásítì sábẹ́ orúkọ mi. N kò béèrè ẹni tó ní owó. Mo sọ fún ara mi pé olówó kan ni, tí kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́lẹ̀, àbúrò ìyá wa obìnrin, tí à ń pè ní àǹtí, pè mí. Ó ti ń ta aṣọ ọmọdé ní Òṣòdì kí wọ́n tó bí mi. Ó ní òun ti gbé ṣọ́ọ̀bù òun tà, òun sì ti kó owó rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi. “Orúkọ rẹ tí mo rí nínú ìwé yẹn ló fi mí lọ́kàn balẹ̀,” ó ní, ó sì ṣàdúrà fún mi. Wọn kò tíì ná èyí tó pọ̀ nínú owó náà lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣì lè sọ̀rọ̀. Mo ṣe àmín.

Wọ́n gé kòkó. Omi bo kòtò, wọ́n fà á, ó tún kún. Kó tó pé oṣù márùn-ún, owó tán. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn òṣìṣẹ́ ló jí wúrà, ohun tó sì ń sọ títí dòní nìyẹn.

Mo lọ bá àǹtí wa ní Òkè-Àfà, nínú yàrá ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kó lọ bá. Ọmọ náà wà níta, ó ń sá aṣọ.

“Ṣé o ti mọ̀ pé kò ní í lérè nígbà tí o ń kọ ìwé yẹn?”

“Mo mọ̀, mà.”

N kò lè gbójú sókè wò ó. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Má sọ fún ọmọ mi. Inú ẹbí yìí náà lòun ṣì máa gbé.”

Ọmọ náà wọlé, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi fún mi. Ó ní òun dúpẹ́ pé mo wá wo ìyá òun, pé àwọn yòókù kò yọjú rárá.