Ìsàlẹ̀ Bẹ́ǹṣì Ẹ̀yìn

Aya mi ti ìka bọ omi, ó wọ́n ọn sí ọrùn agbádá funfun mi, ó sì gbé irin ìlọṣọ lé e. Omi náà dún ṣàà. Òórùn èédú àti ti aṣọ gbígbóná gba inú yàrá. Ọjọ́ Ìsinmi ni, ó ku díẹ̀ kí aago ṣọ́ọ̀ṣì dún.

"Mùsíyé," ni ó wí. Bí àwọn ọmọ ilé-ìwé mi ti ń pè mí ló fi ń dá mi lápàárá. "Ẹ wọ̀ ọ́ kó tó tutù. Aṣọ ẹni tó ń ka Bíbélì níwájú kò gbọdọ̀ rún."

"Tìrẹ ńkọ́?"

"Ta ní ń wo aṣọ ẹni tó jókòó lẹ́yìn?"

Ọjọ́ Ìsinmi keje rẹ̀ nìyẹn lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, níbi tí ìjọ ń fi ẹlẹ́ṣẹ̀ sí. Ó bi olórí ìjọ wa léèrè níwájú àwọn obìnrin pé kí ló dé tí kò fi bẹ opó kan wò ní àdúgbò Kodjoviakopé, tó ti wà lórí àìsàn láti ìgbà ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ olórí fúnra rẹ̀ kì í pa àsè ìsọmọlórúkọ kankan jẹ. Olórí ní yóò jókòó síbẹ̀ títí yóò fi kúnlẹ̀ bẹ òun. Aya mi ní Ọlọ́run nìkan lòun ń kúnlẹ̀ fún. Èmi kò sọ nǹkan kan.

Mo mọ bẹ́ǹṣì náà láti kékeré. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni bàbá tó ń darí ìjọ wa nígbà náà, òun ló sì kan gbogbo bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì. Ariwo ayùn rẹ̀ la fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ mọ́ ládùúgbò wa ní Lomé. Bí ayùn bá dákẹ́ lójijì, ẹnì kan ń sunkún nítòsí ni. A ó rí bàbá náà tó ń bọ̀, eruku igi kún irùngbọ̀n rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kó bàbá mi lọ ṣiṣẹ́ ọ̀nà fún Faransé, ìyá mi ta sódàbì, ọtí tí ìjọba fòfin dè. Bàbá náà kéde ìjìyà rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò yí padà: oṣù kan lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ó pa Bíbélì rẹ̀ dé, ó rìn gba àárín ìjọ kọjá, ó sì wá dúró tì wá níbi tí èmi àti ìyá mi jókòó sí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síwájú," ni ìyá mi wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìtìjú yìí tó èmi nìkan."

"Sún sọ́hùn-ún. Èmi ni mo kàn án, mo mọ iye ìdí tó gbà."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín nínú omijé.

"Ebi ń pa ilé rẹ, n kò mọ̀," ni bàbá náà wí. "Bí àgùntàn bá já sí kòtò, olùṣọ́ ni kí ẹ bi léèrè."

Ní gbogbo oṣù náà, ibẹ̀ ló ti ń dìde lọ wàásù, ibẹ̀ ló ń padà sí.

Èmi, mo ń fi ọwọ́ pa ìsàlẹ̀ bẹ́ǹṣì náà. Ó dán bí igbá. Ìsàlẹ̀ àwọn ti iwájú ń gún ni lọ́wọ́. Mo bi bàbá náà pé kí ló fà á.

"Ọwọ́ ẹni tí ojú ń tì máa ń wá ìsàlẹ̀ bẹ́ǹṣì," ni ó wí. "Kí igi má tún gún un."

Ní ọjọ́ Ìsinmi keje yẹn, mo ka Bíbélì dáadáa. Aya mi mi orí sí mi láti ẹ̀yìn. Ní ọ̀sán ó ní àyà ń dun òun. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti lọ. Mo ránṣẹ́ sí olórí ìjọ. Ó ní a kì í lu aago fún ẹni tó kú sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. A sin ín láìsí aago.

Ìjọ tí olórí rẹ̀ kò bẹ̀rù Ọlọ́run a máa kọ́ ènìyàn rere ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Èmi tètè kọ́ ọ, mo kàwé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo dáná èédú fúnra mi. Mo fẹ́ ẹ títí eérú fi kún ojú mi. Mo wọ́n omi, ṣùgbọ́n irin náà pẹ́ jù, ó jó ọrùn agbádá náà. Mo wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pe òǹkàwé, n kò dìde. Mo wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí aya mi máa ń jókòó sí, ọwọ́ mi wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méje ni mo fi pẹ́.