Aṣọ Ìbora Tí Mo Rán De Múfú

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá, ìlà keje ni mo wà lára aṣọ ìbora Símbì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, òòrùn ti mú, mo sì gbé máṣíìnì mi sí abẹ́ igi máńgòrò iwájú ilé wa, lẹ́yìn Mọ̀wé. Ìlà méjìlá ni mo fẹ́ kí aṣọ náà ní. Àjákù aṣọ àwọn kọ́sítọ́mà mi ni mo fi ń rán an. Mo fi páálí ṣe òdiwọ̀n, mo gé wọn ní onígun mẹ́rin, mo ń so wọ́n pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Símbì, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà, òun ló sì ń yan èyí tó máa tẹ̀ lé èyí.

"Mọ́mì, ẹ má fi pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa," ló ń wí nígbà tí a gbọ́ ìró ọ̀kadà.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ dé bá títì ọlọ́dà àti géètì níbí, ẹ rò pé àfi tí sójà bá jà ni wọ́n ń pè ní ogun. Ìdílé méjì ló ń du ilẹ̀ yìí nígbà náà. A ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀kan, èkejì ní àwọn ló ni ín, wọ́n sì lọ háyà àwọn ajagungbalẹ̀. A ti ń gbọ́ pé wọ́n ń bọ̀. A ti gbọ́ ọ títí, a ò kà á sí mọ́. Ọkọ mi, Ràúfù, tó jẹ́ káfíńtà, ń kan fèrèsé yàrá kejì lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan. Mo máa ń jí àjákù aṣọ. Télọ̀ wo ni kì í jí i? Kọ́sítọ́mà á ní kí o kó gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù fún òun, ìwọ náà á kó o, ṣùgbọ́n wàá ti ṣẹ́ díẹ̀ pamọ́ sábẹ́ máṣíìnì. Ohun tí mo ṣe fún Múfú nìyẹn.

Múfú ń ta yanrìn ní Mọ̀wé. Ó gbé ańkárá alápàáǹdẹ̀dẹ̀ wá kí n fi rán ṣòkòtò. Ẹ mọ ańkárá náà, èyí tí ẹyẹ ń fò kiri lára rẹ̀. Ẹni bá fẹ́ gé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wo orí ẹyẹ kó tó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́. Èmi ò wò ó. Mo gé ẹsẹ̀ ọ̀tún dáadáa, mo wá gé tòsì ní ìdoríkodò. Nígbà tí Múfú dé láti gba aṣọ, ó nà án sókè, ó pariwo.

"Ìyá Símbì! Kí lẹ ṣe fún mi báyìí? Ẹyẹ ẹsẹ̀ òsì ń forí sọlẹ̀!"

Mo ní, "Múfú, àrà tuntun ni. Àwọn tọ̀tún ń lọ sóko, àwọn tòsì ń bọ̀ wálé."

Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì wọ̀ ọ́. Gbogbo Mọ̀wé fi ṣòkòtò náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kó àjákù rẹ̀ lọ, ó ní òun mọ àwa télọ̀ dáadáa. Kò mọ̀ pé ó ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin lábẹ́ máṣíìnì mi.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ọ̀kadà tí a gbọ́ lé ní ogún. Ìbọn dún lápá ibi tí àwọn ará wa ń mọ búlọ́ọ̀kù, ó tún dún, lẹ́yìn náà ni mi ò lè kà á mọ́. Mo ti Símbì sábẹ́ tábìlì máṣíìnì, èmi náà wọ́ wọlé tẹ̀ lé e. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ èèyàn nìkan ni mo ń rí. Mo rí sálúbàtà Ràúfù nígbà tó jáde síta.

Mo gbọ́ tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn wa, ọmọdé wà níbí o."

Ẹsẹ̀ méjì dúró níwájú rẹ̀. Ẹyẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún ń fò lọ sókè. Ẹyẹ ẹsẹ̀ òsì ń forí sọlẹ̀. Ọwọ́ mi ló rán ṣòkòtò yẹn, mo dá ojú abẹ́rẹ́ mi mọ̀ létí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìbọn dún lẹ́ẹ̀kan. Ràúfù ò pariwo, ó kàn jókòó sílẹ̀ síbi tó dúró sí. Ẹlẹ́yẹ yẹn fò ó kọjá, ó sì wọ inú ilé wa lọ.

Mo fa aṣọ ìbora já kúrò lẹ́nu máṣíìnì, mo fi di ikùn ọkọ mi, mo sì ki àjákù ẹlẹ́yẹ tó wà lábẹ́ máṣíìnì bọ inú bùbá mi. Aládùúgbò wa, Bàbá Ìdòwú, gbé bárò tó fi ń kó búlọ́ọ̀kù wá, a gbé Ràúfù sínú rẹ̀, a sì sá wọ igbó. Ẹ̀yìn wa ni àwọn ilé ti ń jó. Títì márosẹ̀ kò jìnnà, ṣùgbọ́n àwọn ajagungbalẹ̀ náà ló dúró síbẹ̀, wọ́n ń yẹ èèyàn wò. Nítorí náà, a gba inú àbàtà lọ síhà Ìbafò.

Ọjọ́ méjì la lò nínú àbàtà yẹn. A hú ẹ̀gẹ́ lóko olóko, a fi eyín bó o, a jẹ ẹ́ ní tútù. Omi tó dá sínú ipa ẹsẹ̀ la mu. Bí ọ̀kadà bá ti dún lókèèrè, a ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Símbì sọ sí mi létí, "Mọ́mì, ebi ń pa mí."

Mo ní, "Ebi ń pa gbogbo wa. Dákẹ́."

Mo ní kó dákẹ́, ó sì dákẹ́. Odidi oṣù kan ni ọmọ yẹn fi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn náà.

Inú àbàtà yẹn ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ ṣòkòtò náà fún Bàbá Ìdòwú. Ó wò mí, ó ní, "Ó dá yín lójú?" Mo ní ọwọ́ mi kì í purọ́ fún mi. Ó di bárò rẹ̀ mú, ó ń tì í lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Ràúfù la ojú. Ó wo aṣọ tí mo fi dì í.

Ó ní, "Ìyá Símbì, o ti ba aṣọ ọmọ jẹ́."

"Màá fọ̀ ọ́. Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́."

"Fọ̀ ọ́. Kó o parí ẹ̀."

Kò sọ nǹkan mìíràn mọ́ títí tó fi kú. Ẹ̀gbẹ́ igbó kan nítòsí Ìbafò la sin ín sí. Àdá ni Bàbá Ìdòwú fi gbẹ́lẹ̀, èmi fi ọwọ́ kó iyẹ̀pẹ̀. Mo tú aṣọ náà kúrò lára rẹ̀ kí a tó gbé e sílẹ̀, nítorí ó ti ní kí n parí rẹ̀.

Ifọ̀ ni èmi àti Símbì sá lọ, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Nígbà tí ìyá náà rí i pé mo fi máṣíìnì sílẹ̀, tí mo gbé àkísà ẹlẹ́jẹ̀ wá, ó bú sẹ́kún. Mo lọ bá ọlọ́pàá. Èyí tó gba ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ bi mí pé, "Màmá, ẹ rí ojú ẹ̀?"

Mo ní, "Mi ò rí ojú. Ṣòkòtò tí mo fọwọ́ ara mi rán ni mo rí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá gbọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ sinmi. Ṣòkòtò ò lè jẹ́rìí ní kóòtù."

Mo fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀jẹ̀ tó wà láàárín rẹ̀ di rírẹ̀dòdò bí iyẹ̀pẹ̀ Ifọ̀, kò lọ. Mo ká a pẹ̀lú àjákù ẹlẹ́yẹ náà sínú báàgì Ghana-must-go, mo sì tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi wà níbẹ̀. Mo parí aṣọ ìbora fún àwọn ẹlòmíràn ní Ifọ̀. Obìnrin máa ń gbé èyí tí ìyá rẹ̀ tó kú rán dé ìdajì wá fún mi, màá sì parí rẹ̀. Tèmi ni mi ò lè fọwọ́ kàn. Bí mo bá fà á jáde, màá tún ká a padà.

Kí n má purọ́ fún yín, mi ò dárí ji Múfú rí. Lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan, mo máa ń bẹ Ọlọ́run kó fún Múfú ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà. Mi ò fẹ́ kí ibà pa á. Mi ò fẹ́ kí mọ́tò gbá a. Mo fẹ́ kó pé láyé dè mí.

Ọlọ́run gbọ́. Àwọn ìdílé méjèèjì parí ìjà wọn, wọ́n ní kí àwa tó ra ilẹ̀ padà wá. Símbì ti lọ́kọ nígbà náà, ọkọ rẹ̀ kọ́lé sórí ilẹ̀ Ràúfù, wọ́n sì mú mi wá láti Ifọ̀. Bàbá Ìdòwú náà ti padà, ó ti darúgbó. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, wọ́n ní kí n wá kí ṣíámààn àwọn lánlọ́ọ̀dù. Ọkùnrin kan jáde nínú jalabíà funfun, ikùn rẹ̀ yọ síwájú.

"Háà, Ìyá Símbì! Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú àráfẹ́rakù bàbá o. Ayé ìgbà yẹn burú."

Alájì Múfú. Ó ti lọ sí Mẹ́kà. Òun ló ń bá wọn gbowó iná, tó ń bá wọn parí ìjà ọkọ àti aya. Mo kí i. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo fa báàgì jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Òwú ti jẹrà, nítorí náà mo kọ́kọ́ tún ìlà méje àkọ́kọ́ rán. Mo rán márùn-ún tó kù. Mo fi kúbùsù àtijọ́ sáàárín, mo fi àpò ìyẹ̀fun ṣe ẹ̀yìn, mo wá ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gún un já. Ojú mi ti bàjẹ́, Símbì ló ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ó bi mí pé, "Mọ́mì, after all these years? Kí lẹ fẹ́ fi rag yìí ṣe?"

Mo ní, "Mo fẹ́ fi tẹ́ àga."

Ìgbẹ̀yìn ni mo mú àjákù alápàáǹdẹ̀dẹ̀ jáde. Mo gé e ní ìrísí ṣòkòtò kékeré, ẹsẹ̀ méjèèjì pé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo wo orí ẹyẹ dáadáa. Mo jẹ́ kí tọ̀tún máa fò lọ sókè, mo dorí tòsì kodò. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín aṣọ, sórí ẹ̀jẹ̀ ọkọ mi gan-an.

Ilé-dé-ilé ni ìpàdé lánlọ́ọ̀dù wa ń lọ. Ilé tó bá kàn ló máa ń tẹ́ aṣọ tó dáa sórí àga ṣíámààn. Ó kàn wá ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo tẹ́ aṣọ ìbora náà, mo jẹ́ kí ṣòkòtò bọ́ sí ibi ìfẹ̀yìntì. Alájì Múfú wọlé, ó kí gbogbo wa, ó jókòó láìwẹ̀yìn. Ẹyẹ wà lókè orí rẹ̀, ojú gbogbo ìpàdé ló sì kọ sí i. Àwọn yòókù yin aṣọ náà. Bàbá Ìdòwú nìkan ni kò yìn ín. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀.

Èrò mi ni pé èmi ni màá sọ̀rọ̀. Mo ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlógún. Ibi tí mo ti ń dìde ni Ìyá Sùlé, ìyàwó Alájì, ti wọlé. Ó kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó gbójú sókè, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Alájì! Ṣòkòtò yín àtijọ́ rèé! Ẹlẹ́yẹ adoríkodò! Ta ló bá yín rí i? Ṣebí ẹ ní kí n sun ún ni."

Alájì yí ọrùn padà. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó rí i.

Mo bi í jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Kí ló dé tí wọ́n fi ní kẹ́ ẹ sun ún, Ìyá Sùlé?"

"Ẹ̀jẹ̀ ló ta sí i. Wọ́n ní àwọn bá wọn pa màlúù. Ọjọ́ tí wọ́n ń sun ilé níbí ni, èmi—"

Ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà.

Bàbá Ìdòwú dìde. Kò pe Alájì, kò pe ṣíámààn. Ó ní, "Múfú."

Mo gbé ọwọ́ lé ṣòkòtò náà. Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ Ràúfù ló wà lábẹ́ ibí yìí. Wọ́n sọ fún mi pé ṣòkòtò ò lè jẹ́rìí."

Lẹ́yìn náà, àwọn èèyàn dìde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n jáde, wọn ò sì kí i. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù lórí aṣọ tí mo rán dè é. Mo jókòó kọjú sí i, mo ń wò ó. Inú mi dùn. Mi ò ní tan yín jẹ, inú mi dùn gan-an.

Ó ti kó lọ kí oṣù yẹn tó parí. Ìyá Sùlé wá kúnlẹ̀ fún mi, ó ní òun ò mọ̀. Mo gbà á gbọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì fà á dìde. Ọkọ rẹ̀ ti rán lèmọ́ọ̀mù wá, ó ti rán àwọn àgbà Mọ̀wé wá, pé kí n forí jin òun. Mo ní kó wá fúnra rẹ̀. Kó wá dúró síbi tí Ràúfù jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò, kó sọ ohun tó ṣe, kí àwọn ọmọ-ọmọ mi gbọ́. Kò tíì wá.

Ilé rẹ̀ tó kọjú sí tiwa ti dákẹ́. Koríko ti bo ẹnu géètì. Símbì ní kí n jẹ́ kó tó gẹ́ẹ́, pé mo ti parí aṣọ bí bàbá òun ṣe wí. Òótọ́ ni, mo ti parí rẹ̀. Gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń sá a sórí okùn ní iwájú ilé, kí ẹyẹ kọjú sí géètì rẹ̀, bó bá di ìrọ̀lẹ́ màá ká a wọlé. Ó ti gbẹ láti ọjọ́ àkọ́kọ́.