Ilé Japan tí Màmá Kò Fẹ́ Wọ̀

Ọdún tí ìyá mi wá kí wa ní Jámánì, mo ṣì ń gbé ní Schöneberg, ní Berlin. Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Harburg, ní Hamburg, ni ẹ̀gbọ́n mi bá ní ká lọ sí mùsíọ́mù kan nílùú náà. Ilé ìdílé kan wà níbẹ̀ tí wọ́n tú ní Japan, tí wọ́n wá tún tò sínú gbọ̀ngàn, tòrùlé-tòrùlé.

Màmá bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà bí àkọlé ṣe wí. Wọ́n tẹ̀ ba díẹ̀, wọ́n ké: "Ẹ kú ilé o!"

Màmá ò gbẹ́sẹ̀.

Mo ní: "Màmá, ẹ wọlé. Kò sẹ́nì kankan ńbẹ̀."

"Ilé tí ò sẹ́nì kankan ni kí n wọ̀? Ṣé olè ni mí?"

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ bi wá pé kí ló dé. Ẹ̀gbọ́n mi fi Jámánì ṣàlàyé pé ìyá wa ń dúró de onílé. Ọkùnrin náà yọjú wo inú ilé, àfi bíi pé òun náà ń wá onílé.

Èrò ti tò sẹ́yìn wa. Nígbà tí Màmá ké lẹ́ẹ̀kejì, ìyá òyìnbó kan tó mú ọ̀pá dání rò pé àṣà ilé náà nìyẹn. Ó bọ́ bàtà, ó tẹ̀ ba: "E ku ile o!" Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù náà gbà á lẹ́nu wọn. Mo fẹ́ là wọ́n lọ́yẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi fà mí lápá.

"Fi wọ́n sílẹ̀ jàre."

Ìgbà náà ni bàbá àti ìyá àgbà kan, ará Japan, dé. Ìyá òyìnbó náà sáré kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Tọkọtaya náà wo ara wọn, wọ́n tẹ̀ ba kanlẹ̀, wọ́n sì wí i, ohùn wọn sì dùn ju ti gbogbo èèyàn lọ.

"Háà, onílé dé!" Màmá kúnlẹ̀. Àwọn náà kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Nígbà tó yá, ìyá Japan di Màmá lọ́wọ́ mú wọlé.

Àwọn méjèèjì jókòó lórí ẹní fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ọ̀kan ń sọ Yorùbá, èkejì ń sọ èdè tirẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Nínú ọkọ̀ ojú irin S-Bahn, a bi Màmá pé kí ni ìyá náà ń sọ.

"Ọmọ mẹ́ta ló bí. Àbígbẹ̀yìn ló ń dà á láàmú."