Ìṣẹ́jú Méjì fún Tọ́bò

Ara àwọn tó máa ń ka ìwé tó bá ọjà wá ni mo wà. Bí mo bá ra áyọ́ọ̀nù, màá ka ìwé rẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé kí a má rì í sínú omi. Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mò ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí kan n'Ìbàdàn, ó sì ti mọ́ mi lára pé ohun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ni kí n gbà gbọ́. Nígbà tí mo fẹ́ ra ọkọ̀ tòkúnbọ̀ tí mò ń wà yìí, mo ti mọ̀ ọ́n lórí ìwé kí n tó fojú kàn án: eńjìnnì díṣẹ́ẹ̀lì lítà méjì, sìlíńdà mẹ́rin, agbára ẹṣin ogóje, pẹ̀lú tọ́bò. Mo lè ka gbogbo rẹ̀ lójú oorun. Ìyàwó mi tilẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n yé kà á lójú oorun.

Tọ́bò yìí ni mo fẹ́ràn jù. Irin kan tó rí bí ìgbín ni, ara eńjìnnì ni wọ́n so ó mọ́. Èéfín gbígbóná tí eńjìnnì ń tú jáde ló ń yí i, òun náà á sì máa fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sínú eńjìnnì, kí eńjìnnì kékeré lè ṣe iṣẹ́ eńjìnnì ńlá. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ó lè yí ju ọ̀kẹ́ márùn-ún ìgbà lọ. Ọ́ìlì díẹ̀ tó ń ṣàn kọjá láàárín rẹ̀ ni kò jẹ́ kó jóná. Mo ṣàlàyé èyí fún gbogbo àdúgbò wa ní Olódò, títí kan àwọn tí kò bi mí.

Bàbá mi ń gbé ní abúlé kan lẹ́yìn Lálùpọn. Lórí òkè ni ilé wọn wà. Òkè náà kò gùn, ṣùgbọ́n ó ga fíofío, jíà kìíní lèèyàn fi ń gùn ún, á sì tẹ iná mọ́ ọn dáadáa. Iwájú ilé bàbá mi gan-an ni eńjìnnì ti máa ń gbóná jù. Àìsàn rọpárọsẹ̀ kọlù wọ́n lọ́dún tó kọjá, ẹsẹ̀ òsì wọn kò sì gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu mọ́. Kí àìsàn yẹn tó dé, mo lè lo oṣù mẹ́ta láì fẹsẹ̀ kan abúlé, bí mo bá sì dé, màá máa ṣe bí ẹni tó wá mú iná. Ohun tí mo wá ń fẹ́ báyìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí bàbá mi gbà pé mo wá jókòó tì wọ́n ni. Nítorí náà ni mo ṣe ń lọ ní gbogbo Sátidé.

Bàbá mi sì ní òfin kan. Wọ́n wa lọ́rì gẹdú fún ọdún mẹ́tàlélógún kí wọ́n tó padà sídìí oko ẹ̀gẹ́, òfin náà sì ti wà láti ìgbà èwe mi: ẹni tó bá fẹ́ kí wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pa eńjìnnì. Awakọ̀ tó bá yọ orí lójú fèrèsé tó ń pariwo "Ẹ kú ilé o!" nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń hó, wọn kì í dá a lóhùn. "Kò fẹ́ dúró," ni wọ́n máa ń wí. "Ó ti ń lọ kó tó dé."

Èmi tí mò ń wá ojú rere wọn, ẹ mọ ohun tí mo ṣe. Bí mo bá ti gun òkè dé, kódà kí ọkọ̀ tó dúró tán, mo ti pa á, mo ti bẹ́ sílẹ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi á fara ti òpó iwájú ilé, wọ́n á rẹ́rìn-ín ẹ̀gbẹ́ ẹnu, ẹ̀gbẹ́ kan tó kù tí wọ́n lè fi rẹ́rìn-ín. Inú mi á dùn. Báyìí ni a ṣe ń bá a lọ títí ọkọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, tó wá ń tú èéfín aláwọ̀ búlúù, tó sì rọ jọwọlọ lọ́jọ́ kan nígbà tí mò ń bọ̀ láti abúlé.

Mẹkáníìkì kan tó mọ díṣẹ́ẹ̀lì dénú wà ní Ìyànà Ọ̀fà. Ó tú tọ́bò náà, ó fi inú rẹ̀ hàn mí. Ó dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò tí ọbẹ̀ jóná mọ́.

"Ọ̀gá, ta ló ń wa ọkọ̀ yìí?"

"Èmi ni."

"Bẹ́ ẹ bá ti ibi tó le dé, ẹ máa ń pa á kíá?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ọkọ̀ yìí ò níṣòro kankan o. Ẹ̀yin lẹ̀ ń pa á." Ó nu ọwọ́. "Tẹ́ ẹ bá pa eńjìnnì, ọ́ìlì ò ní ṣàn mọ́, tọ́bò ṣì ń yí, ó ṣì gbóná. Ọ́ìlì tó kù nínú ẹ̀ á jóná mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ti gun òkè, ẹ pa éésì, ẹ má tẹ iná, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú méjì kẹ́ ẹ tó pa á. Ìṣẹ́jú méjì péré, Ọ̀gá."

Mo sanwó tọ́bò tuntun, ó fi rọ́pò èyí tó jóná. Mo délé, mo ṣí ìwé ọkọ̀. Ó wà níbẹ̀ gbangba. Ojú ewé agbára ni mo há sórí, mo fo ojú ewé ìtọ́jú. Inú bí mi sí ara mi débi pé mo kọ "ÌṢẸ́JÚ MÉJÌ" gàdàgbà sórí páálí, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìdarí ọkọ̀.

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé fún bàbá mi.

"Bàbá, nǹkan kan wà lára ọkọ̀ yìí tó gbọ́dọ̀ sinmi kí n tó pa á."

Ọ̀rọ̀ máa ń fà lẹ́nu wọn láti ìgbà àìsàn, ṣùgbọ́n kò fà lọ́jọ́ náà. "Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi wa díṣẹ́ẹ̀lì. Tí mo bá pa á, ó kú. Ìsinmi wo?"

"Tàtijọ́ ò ní tọ́bò, Bàbá."

"Ó dáa. Ṣe bó o ṣe mọ̀."

Bí bàbá mi bá bá èèyàn jà, ó ṣì sàn. "Ó dáa" wọn ni mo ń bẹ̀rù.

Bí mo ṣe kó sínú àhámọ́ nìyẹn. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ láì pa eńjìnnì, wọn ò ní dá mi lóhùn. Bí mo bá pa á, mo tún ti ba tọ́bò tuntun jẹ́. Ohun tó kù ni kí n jókòó sínú ọkọ̀ títí ìṣẹ́jú méjì á fi pé, kí n ṣe bí ẹni tí kò tíì dé. N kò lè ṣí fèrèsé, torí bí ojú èmi àti bàbá mi bá ṣe mẹ́rin tí n kò kí wọn, ọ̀ràn tún dé. N kò lè tan éésì. Màá ti gbogbo fèrèsé pa, màá dorí kodò, màá tẹjú mọ́ aago iwájú ọkọ̀, òógùn á máa ro sí mi létí. Gbogbo ará ilé iwájú á máa wò mí. Ìṣẹ́jú méjì kéré lórí ìwé, àmọ́ kí èèyàn wá jókòó síbẹ̀ wò.

Bí mo bá fi máa jáde, bàbá mi á wà lórí àga wọn, wọ́n á ti yíjú sí ògiri, wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Màá dọ̀bálẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó ní kí n dìde. Mo gbà pé inú ló ń bí wọn, ó sì ń dùn mí, torí mo rò pé ohun tí mo ń tún ṣe ti tún bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ kan mo gbé ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀ òkè, mo fẹsẹ̀ rìn gòkè pẹ̀lú àpò oògùn. Èèyàn mẹ́ta ló kí mi kú ìrọ́jú ọkọ̀ tó kú kí n tó dé òkè, ẹnì kan sì ti lọ wá okùn tí wọ́n á fi fà á. Ó bá bàbá mi lójijì. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹ̀yìn mi. "Ọkọ̀ dà? Iwájú ilé mi ni kí ọmọ mi máa gbé ọkọ̀ ẹ̀ sí." Ọ̀nà yẹn náà dí. Mo ní kí n ta ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ta ni màá tà á fún? Ní Olódò, bí wọ́n bá gbọ́ díṣẹ́ẹ̀lì, wọ́n á sá. Ẹnu tí mo fi yìn ín náà kò jẹ́ kí n lè bú u.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń tọ́jú bàbá. Ó ń yan gàrí lẹ́yìn ilé ní Sátidé kan nígbà tí mo lọ bá a, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ bàbá. Mi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe sí ìbínú wọn."

Ó dáwọ́ dúró. "Ìbínú wo? Ṣé o ò kì í rí bàbá nígbà tó o bá dé ni?"

"Mo ń rí wọn. Wọ́n á ti yíjú sí ògiri."

"Kó tó dìgbà yẹn ńkọ́?" Ó mí kanlẹ̀. "Tí wọ́n bá ti gbọ́ ọkọ̀ ẹ nísàlẹ̀ òkè, wọ́n á máa gbìyànjú àtidìde. Wọn ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n á di òpó mú, wọ́n á dúró. Wọ́n láwọn ò fẹ́ kí ọmọ àwọn máa bá àwọn níjòókòó bí aláìsàn. Ìwọ á wá dé, wàá jókòó sínú ọkọ̀, wàá dorí kodò. Ìgbà tí wàá fi jáde, agbára ti tán, wọ́n ti jókòó. Ojú ló ń tì wọ́n tí wọ́n fi ń wo ògiri."

"Báwo ni wọ́n ṣe lè dúró pẹ́ tó?"

"Kò tó ìṣẹ́jú méjì."

Mo kàn dúró síbẹ̀, mo ń wo gàrí, èéfín ń ta mí lójú, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ èéfín náà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gun òkè náà ní jíà kìíní. N kò dorí kodò. Bàbá mi wà lórí ìdúró. Ọwọ́ ọ̀tún wọn wà lára òpó, fìlà wọn ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ òsì wọn ń gbọ̀n, ọkọ̀ mi ni wọ́n sì ń wò tààrà. Páálí tí mo kọ wà níwájú mi. Mo pa eńjìnnì.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ pupa. Orí ìdúró ni wọ́n ti dá mi lóhùn, pẹ̀lú oríkì mi, látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ yẹ̀ wọ́n, mo dìde gbá wọn mú, mo rọra gbé wọn jókòó.

"O tètè pa á lónìí," ni wọ́n wí. "Ṣé kò ní bàjẹ́?"

"Kò ní bàjẹ́, Bàbá."

Irọ́ ni mo pa. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń pa eńjìnnì náà ní gbígbóná ní gbogbo Sátidé, tọ́bò tuntun náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Mo fẹ́ gbé e lọ sí Ìyànà Ọ̀fà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n bàbá mi ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé àwọn fẹ́ràn ìró tí ọkọ̀ mi ń dún báyìí. Wọ́n ní kó tó dé ìsàlẹ̀ òkè rárá làwọn ti ń gbọ́ ọ, pé ó ń jẹ́ káwọn tètè dìde.