Ogójì Ìgèrè Merle

Ní Èbúté Gannet níbí, ìlú àwa apẹja létí òkun, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ tòótọ́, orúkọ mi ni wọ́n ń dá. "Kẹ́ ẹ dà bíi Clayton àti Merle," wọ́n á wí bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ wa gan-an fi mí ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù ní Sọ́ńdè kan. Mo tẹ orí ba, wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni. Ìrẹ̀lẹ̀ wo? Ojú ló ń tì mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, nítorí ó ti pẹ́ jù nínú mi.

Ọdún kan náà ni wọ́n bí èmi àti Merle, ilé ìwé kan náà la lọ, iṣẹ́ kan náà la sì ń ṣe. Lọ́bísítà, edé ńlá inú òkun, la ń pa. A ó ki ìjẹ sínú ìgèrè, a ó sọ ọ́ sísàlẹ̀ òkun, okùn á sì so ó mọ́ àmì kan tó ń léfòó lókè omi. Kálukú ló ní ọ̀dà tó fi ń kun àmì tirẹ̀. Ti Merle funfun, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ ọsàn dì í lámùrè. Tèmi pupa àti dúdú. Ìjọba ò pín òkun fún wa, ṣùgbọ́n a mọ ilẹ̀ ara wa. Bí o bá ń ti èbúté lọ, apá òsì ni kó o máa wò. Níbi tí ṣóńṣó orí ilé ìjọsìn bá ti yọ lẹ́yìn erékùṣù, ilẹ̀ Merle parí síbẹ̀, tèmi bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo ẹ̀rọ atọ́nà, Merle ò lò ó. Ó ní ojú òun ti mọ òkun kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ.

Bí ẹnì kan bá kọjá ààlà, a kì í bá a sọ ọ́. Ìwọ̀sí gbáà ni kéèyàn dúró níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ní, "O wọ ilẹ̀ mi." Kókó méjì lo máa ta sí okùn àmì rẹ̀, wàá sì bá tìrẹ lọ. Bó bá rí i, yóò kó ẹrù rẹ̀ kúrò. Bí kò bá kó o, wàá gé okùn, ìgèrè á di ti òkun. Kò sẹ́ni tó máa béèrè, kò sẹ́ni tó máa jẹ́wọ́. Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi nìyẹn, mo sì gbọ́ràn sí i lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ.

Nígbà ooru ọdún kẹta sẹ́yìn, mo bá àmì Merle mẹ́wàá nínú ilẹ̀ mi. Mo rẹ́rìn-ín, mo ta kókó méjì, mo lọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n di ogún. Mo tún ta á. Mo pàdé rẹ̀ létí omi lọ́jọ́ náà, mo juwọ́ sí i láti apá òsì rẹ̀, ó kọjá lára mi bí ẹni tó kọjá lára òpó. Háà! Ó ti dà bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ kejì ló wá dúró níwájú mi, tó ń rẹ́rìn-ín.

"Clayton, ikùn rẹ yìí! Àbí lọ́bísítà lò ń gbé mì láìbó ni?"

Láti kékeré ló ti ń bú ikùn mi, kò sì dùn mí rí. Lọ́jọ́ yẹn, ó dùn mí dé egungun. Ó gba ilẹ̀ mi tán, ó tún ń fi mí ṣẹ̀sín! Nígbà tí àmì rẹ̀ pé ogójì, n kò lè fara dà á mọ́. Ilẹ̀ mọ́ ní Túsìdeè kan, òkun parọ́rọ́, mo yọ ọ̀bẹ, mo gé ogójì náà pátá. Mo ń kà á sókè bí mo ṣe ń gé e. Inú mi dùn, n ò ní purọ́ fún yín.

Ọjọ́ kọkànlá ni Merle ń gbé ọkọ̀ bọ̀ wá sí èbúté, tó fi apá òsì ọkọ̀ gbá afárá onígi tí à ń so ọkọ̀ mọ́. Kò tiẹ̀ dín eré kù. Pákó fọ́ yángá. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ní, "Ta ló gbé eléyìí síbí?" Bó ṣe sọ ọ́ tán ló ṣubú, gìrì mú un lójú gbogbo wa.

Wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá ní ìlú Bangor, wọ́n ya àwòrán orí rẹ̀. Nǹkan kan ti hù sínú ọpọlọ rẹ̀ lápá ọ̀tún, ó tó ẹyin adìyẹ. Dókítà ní ó tó ọdún kan tó ti ń dàgbà níbẹ̀. "Ojú rẹ̀ ò fọ́ o. Ọpọlọ rẹ̀ ni kò mọ̀ mọ́ pé nǹkan kan wà lápá òsì."

Verna ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. "Mo sì ń bá a jà! Ìdajì àwo ló ń jẹ, á fi ìdajì tó wà lápá òsì sílẹ̀. Mo ní oúnjẹ mi ni ò wù ú mọ́."

Èmi náà wà lẹ́yìn rẹ̀ níbẹ̀. Apá òsì ni ilé ìjọsìn wà. Merle ń lọ lójú omi, ó ń retí kí ṣóńṣó orí rẹ̀ yọ, kò yọ, ó sì ń dẹ ìgèrè lọ tẹ̀ríntẹ̀rín sínú ilẹ̀ mi. Kókó tí mo ta ńkọ́? Bóyá kò rí i, bóyá ó tú u tó sì gbàgbé. Orí mi ò! Ká ní mo ti la ẹnu bú u létí omi lásán, ẹnì kan ì bá ti mọ̀ pé nǹkan ń ṣe é.

Wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ. Wọ́n yọ èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìyókù lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ní ìtànṣán làwọn máa fi pa ìyẹn, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Verna kì í wa mọ́tò lọ sọ́nà jíjìn. Mo ní èmi ni màá máa gbé e. Wákàtí méjì àlọ, wákàtí méjì àbọ̀, lásìkò tí lọ́bísítà ń ya wọ inú ìgèrè. Ibẹ̀ ni orúkọ rere mi ti bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ ni Verna ń di páì tó fi èso bùlúbẹ́rì ṣe fún mi.

"Clayton, ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Kí Ọlọ́run má wulẹ̀ san án, ni mo ń wí nínú. Mo sì ń jẹ páì náà.

Wọ́n ṣe ìbòjú kan fún Merle, oníhò wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n, ó fún mọ́ ojú rẹ̀ pinpin, wọ́n á fi de orí rẹ̀ mọ́ tábìlì kó má baà mira. "Wọ́n ti mú mi sínú ìgèrè, Clayton," ló wí lọ́jọ́ kìn-ín-ní. "Ìjẹ ni wọn ò fi síbẹ̀." Irun rẹ̀ já, àpá yí etí rẹ̀ ká. Oògùn mú kí ojú rẹ̀ wú, ebi ń pa á ṣáá. Dónọ́ọ̀tì mẹ́fà ló ń jẹ láti ìlú Ellsworth tó wà lójú ọ̀nà dé Bangor, bí mo bá sì wò ó, á ní kí n wo ọ̀nà, kí n yé ka òkèlè mọ́ òun lẹ́nu.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, nígbà tí à ń bọ̀, ó ju páálí dónọ́ọ̀tì sẹ́yìn ọkọ̀. Ó wá ní, "Clayton, mo wá ogójì ìgèrè tì kí àìsàn yìí tó gbé mi ṣubú. Ṣé o rí àmì mi níbì kan?"

"Rárá."

"Mo rántí ibi tí mo dẹ wọ́n sí. Omi jìn ní ìdúró èèyàn méjìlá, ẹrẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, àpáta kan sì wà láàárín. Mo padà síbẹ̀, n ò rí nǹkan kan. Mo wá ń rò ó pé kò síbi tó rí bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀ mi. Àbí ìjì ló gbé wọn?"

Mo lè sọ pé ìjì ni. Irọ́ tó lè ràn án lọ́wọ́ ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí n kàn gbà á ni. Ṣùgbọ́n ahọ́n burúkú yìí ní, "Ìjì ò jà lóṣù yẹn."

Ó mi orí. "A jẹ́ pé orí mi ló dàrú," ló wí.

Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, dókítà fún wa ní ìròyìn ayọ̀. Ohun tó kù nínú ọpọlọ rẹ̀ ò dàgbà mọ́, ojú apá òsì ti padà, gìrì ò sì tún mú un. Bó bá ti ní olùrànlọ́wọ́ kan lórí ọkọ̀, kó máa lọ sójú omi bí òtútù bá ti lọ. Verna fò mọ́ dókítà. Merle jókòó síbẹ̀, ó di fìlà rẹ̀ mú.

"Ojú mi ti padà, ẹ ṣeun. Orí mi ńkọ́? Ogójì ìgèrè, dókítà, mo dẹ wọ́n síbi tí kò sí láyé. Ẹni tó ń fi orí ara rẹ̀ dá òkun, báwo ló ṣe fẹ́ wa ọkọ̀ lórí èyí tó wà? Ẹni tó bá bá mi lọ, màá kàn lọ pa á ni."

Kò sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà. Ó ní òun máa ta ọkọ̀ náà, Verna Mae, tó fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ sọ. Verna wá bá mi nílé.

"Clayton, mo bẹ̀ ẹ́, bá mi bá a sọ̀rọ̀. Tìrẹ ló máa ń gbọ́. Bó bá ta ọkọ̀ yẹn, jíjókòó ló máa jókòó títí ikú á fi wá mú un."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo mu kọfí, tí mo sọ̀rọ̀ òjò, tí mo padà sílé. Mo ń rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, ọ̀rẹ́ mi á lọ, orúkọ mi á bàjẹ́, Verna ò ní fẹ́ rí mi mọ́. Ara mi ni mò ń rò, ẹ ò rí i? Ní Fúráìdeè, nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, Merle ní ẹni tó ra ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Mo la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Ìwọ lo mọ ohun tó o fẹ́." Ní Sátidé, ọkùnrin kan láti erékùṣù òdìkejì wá, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó sì gbé Verna Mae lọ.

Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, mo bá Merle létí omi, ó ń wo ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ máa ń wà. N ò mọ ohun tó dé sí mi.

"Merle, èmi ni mo gé ogójì ìgèrè yẹn. O ti kọjá sínú ilẹ̀ mi. Mo ta kókó, o ò kó wọn. N ò mọ̀ pé àìsàn ni."

Kò yíjú sí mi. "Níbo lo ti gé wọn?"

"Lẹ́yìn erékùṣù."

"Omi jìn ní ìdúró èèyàn méjìlá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹrẹ̀ nísàlẹ̀? Àpáta láàárín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Merle."

"A jẹ́ pé ibẹ̀ wà lóòótọ́."

"Ibẹ̀ wà."

Ó ṣí fìlà, ó ń fọwọ́ pa àpá orí rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ tó nà láìṣẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo retí kó gbá mi létí, ì bá sàn fún mi.

"O wà nílé mi ní Fúráìdeè," ló wí. "O mu kọfí mi." Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì lọ sílé.

Títí dòní, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kò sọ fún Verna pàápàá. Páì ṣì ń wá lásìkò bùlúbẹ́rì, àwọn èèyàn ṣì ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ. Ara Merle yá, àwòrán orí rẹ̀ mọ́ lọ́dọọdún, ìdí fèrèsé ló ń jókòó sí. Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Bí mo bá ń kọjá, á juwọ́ sí mi, á ní, "Ẹ kú àárọ̀, Clayton." Ìkíni rẹ̀ ò lábùkù. Ikùn mi ni kò bú mọ́.