Ìbò Tí Dípọ̀ Dúró Dè

Kó tó di ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó kọjá yìí, mo rò pé kò sí ohun tí ìjà ìlú tún lè fi pa mí lẹ́kún mọ́. Ó ṣe tán, mo ti darúgbó sínú ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, mo sì ti sá fún tajútajú nígbà ayé ológun. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí ìdí tí mo fi máa ń dákẹ́ bí wọ́n bá ti dárúkọ ìbò, ẹ gbọ́.

Dípọ̀, àbíkẹ́yìn mi, ti gba físà òkè òkun nígbà náà. Yunifásítì tó wà nílùú wa níbí ló ti kàwé ẹnjiníà, ìyanṣẹ́lódì sì sọ ọdún márùn-ún di méje mọ́ ọn lọ́wọ́. Iṣẹ́ tó rí kò ju kó máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nílé ìwé kan ní Òkè-Ogbó, owó oṣù rẹ̀ kì í sì í dé ìdajì oṣù. Síbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró dìbò. Ó wò mí títí.

"Màámi, tí wọ́n bá ka ìbò wa bí a ṣe dì í, mi ò lọ mọ́."

Bí ìbò ṣe di ọ̀rọ̀ ọmọ fún mi nìyẹn.

Ní àdúgbò Ilare tiwa, bí a bá dìbò tán, a kì í lọ sílé. Oníkálukú á gbé bẹ́ǹṣì jáde, a ó jókòó ti àpótí ìbò títí wọn yóò fi kà á. Lọ́jọ́ náà, bí òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò ṣe ń na ìwé ìbò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan ni gbogbo wa ń kà á pọ̀. Ohùn Dípọ̀ ló ga jù. Àwa la wọlé níbẹ̀, kò ní iyàn nínú. Ọmọ mi gbé mi sókè bí ọmọ ọwọ́, èmi náà sì ti ń ro bí n ó ṣe kun yàrá iwájú fún òun àti ìyàwó tí yóò fẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń ro èsì pọ̀ ni wọ́n ti jà wá lólè. Iye tí wọ́n kéde fún àdúgbò wa kì í ṣe iye tí a jọ fẹnu kà. A pariwo títí, ọlọ́pàá ní ká máa lọ sílé.

Bí a ṣe ń bọ̀, mo sọ fún Dípọ̀ pé a ó gba ilé ẹjọ́ lọ. Mo ní, "Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba."

"Màámi, bàbá á ti jáde nílé kó tó pè é tán."

Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó gbé bẹ́ǹṣì wa wọlé, ó nù ún, ó fi ti ògiri. Oṣù yẹn kò parí tó fi lọ.

A pẹjọ́ lóòótọ́. Àwa arúgbó là ń wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo, torí àwọn tí ohùn wọn ń ròkè ti ń tẹ̀lé ara wọn lọ sókè òkun. A sì jàre. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé asán ni ìjà. Ẹni tí a dìbò fún ti wà nípò rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣẹ̀wọ̀n nínú àwọn tó jí ìbò náà, kò sì sẹ́ni tó wá bẹ̀ mí nítorí ọmọ mi. Gbèsè yẹn ṣì wà nílẹ̀.

Iwájú kóòtù ni mo ti pe Dípọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́ ìdájọ́. Ó ń múra ibi iṣẹ́, mò ń gbọ́ bó ṣe ń fa sípù ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Mo ní, "Dípọ̀, a ti gbà á padà."

Mo gbọ́ tó fa sípù náà dókè.

"Kí lẹ gbà padà, màámi?"